Tíṣà Tó Kọ̀ Láti Dárúkọ Abẹ́rẹ́

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìkàwé ìjọba tí wọ́n to kọ̀ǹpútà àlòkù sí. Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan àwọn tó tó bí i lọ́mọ. Onísùúrù ni. Bí èèyàn bá bi í ní ìbéèrè kan náà nígbà mẹ́wàá, ohùn tó fi dáhùn lákọ̀ọ́kọ́ náà ló máa fi dáhùn níkẹyìn.

Kí ọwọ́ wọn lè tètè yá, ó ṣí búlọ́ọ̀gì kan fún kíláàsì náà. Ẹnì kan ń kọ nípa adìẹ tó ń sìn. Dírẹ́bà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń to gbogbo mọ́tò tó ti wà rí lẹ́sẹẹsẹ, ó ń yìn wọ́n bí ẹni ń yin àfẹ́sọ́nà. Àmọ́ ojú ń ti àwọn yòókù láti kọ ohun tí ayé máa kà. Tíṣà bá ní, "Ẹ fi ìnagijẹ kọ ọ́. Èmi nìkan ni màá mọ̀, mi ò sì ní sọ fẹ́nì kankan."

Màmá kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì títí tó fi fẹ̀yìn tì sọ ara rẹ̀ ní Abẹ́rẹ́. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀wé, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo, ṣùgbọ́n ibi tó bá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ibẹ̀ gan-an ló máa ń bà.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà ya fọ́tò àwọn ọmọ iléèwé tó ń gba orí pákó sọdá gọ́tà ńlá. Ó gbé e sórí búlọ́ọ̀gì, ó sì kọ ọ́ pé káńsẹ́lọ̀ àdúgbò ti ṣèlérí afárá síbẹ̀ kí wọ́n tó dìbò fún un. Kò bú u. Ibi tí afárá dé ló kàn béèrè. Ni Abẹ́rẹ́ bá fèsì sábẹ́ rẹ̀ pé:

"Mo mọ ọmọkùnrin yìí láti kékeré. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Á ní òun máa fọ abọ́, abọ́ á sì sùn síbẹ̀. Ẹ má dákẹ́ fún un o, ẹ máa rán an létí."

Ọ̀rọ̀ náà pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi í ránṣẹ́ láti orí fóònù kan sí òmíràn, kò sì pẹ́ tí Abọ́-á-sùn fi di orúkọ káńsẹ́lọ̀ lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ìdìbò míì sì ti ń sún mọ́lé. Káńsẹ́lọ̀ gbà pé alátakò òun ló wà nídìí ẹ̀, ló bá pe Tíṣà lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́.

Láti ọjọ́ tí ìwé ìpẹ̀jọ́ ti dé, oúnjẹ ò lọ lọ́fun Tíṣà mọ́. Ọkọ rẹ̀ pè é jókòó.

"Kí ló dé tí o ò kúkú dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, kí ẹlẹ́nu lọ fi ẹnu ara rẹ̀ ro ẹjọ́?"

"Mo ti ṣèlérí fún wọn."

"Ṣebí káńsẹ́lọ̀ náà ṣèlérí."

"Ìdí tí mi ò fi ní yẹ tèmi nìyẹn."

Ọkọ rẹ̀ ní kò burú, òun máa tẹ̀ lé e lọ sí kóòtù. Ohun tí Tíṣà ò sọ fún un ni pé Abẹ́rẹ́ ti lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin nílùú mìíràn. Kò fẹ́ kó ìdààmú bá àgbàlagbà tí wọ́n di lójú.

Kóòtù náà kéré, ó sì móoru. Fáànù òkè ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Lọ́yà káńsẹ́lọ̀ dìde, ó ní ẹni tó ni búlọ́ọ̀gì ló ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Adájọ́, obìnrin kan tó so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn, bi í pé, "Bí àlejò bá kọ nǹkan sára ògiri ilé mi ńkọ́? Ṣé èmi náà ni mo kọ ọ́?"

"Bí ẹ bá rí i, tẹ́ ẹ ò pa á rẹ́, ẹ ti fọwọ́ sí i nìyẹn."

Adájọ́ ní ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì tuntun lójú òfin, òun gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa. Ó yíjú sí Tíṣà. "Ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Ta ni?"

"Ẹ dákun, mi ò lè sọ."

Adájọ́ ní kí wọ́n lọ sinmi díẹ̀. Bí wọ́n bá padà dé tí Tíṣà ò sì tíì dáhùn, ọrùn rẹ̀ ni ẹjọ́ náà máa wà.

Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ó gbọ́ ìró ọ̀pá nílẹ̀, ó gbójú sókè. Abẹ́rẹ́ ló ń bọ̀, awò dúdú lójú, ọmọ rẹ̀ obìnrin dì í lọ́wọ́ mú.

"Màmá, ta ló sọ fún yín?"

"Ọmọ mi ló ka búlọ́ọ̀gì sí mi létí. Àwọn ará kíláàsì kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. O ò ṣe pè mí?"

Kí Tíṣà tó dáhùn, káńsẹ́lọ̀ àti lọ́yà rẹ̀ yọ. Bí ojú káńsẹ́lọ̀ àti ti màmá náà ṣe ṣe mẹ́rin, ó dúró gbagidi.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe níbí? Ojú yín ò tíì san."

"Wọ́n ní ò ń wá mi. Èmi ni Abẹ́rẹ́."

Tíṣà fọwọ́ bo ẹnu. Orúkọ ọkọ kejì ni màmá ń jẹ́, kò sì fìgbà kan sọ fún un pé òun ló bí káńsẹ́lọ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ tàbùkù mi lójú ayé báyìí?"

"Irọ́ wo ni mo pa? Ṣé o máa ń fọ abọ́ ni?"

Lọ́yà wúkọ́, ó kọjú sí ògiri. Káńsẹ́lọ̀ rọra jókòó ti ìyá rẹ̀. "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi nílé."

"Mo sọ ọ́ nílé. Fóònù lò ń wò. Mo pè ọ́, o ní o wà ní mítíìnì. Mo wá ní kí n lọ kọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí ibẹ̀ lojú ẹ máa ń wà."

Káńsẹ́lọ̀ ti fóònù ọwọ́ rẹ̀ bọ àpò. Ó béèrè bóyá ojú ṣì ń dun màmá. Màmá ní ó ti dẹwọ́.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, lọ́yà ní oníbàárà òun ò ṣẹjọ́ mọ́.

"Ṣé ẹ ti rí ẹni tẹ́ ẹ ń wá ni?" adájọ́ béèrè.

"A ti rí i."

Adájọ́ wo màmá tó jókòó lẹ́yìn, ó wo ojú káńsẹ́lọ̀, ó sì fagi lé ẹjọ́ náà. Ó kàn gba Tíṣà nímọ̀ràn pé kó máa ka èsì tí wọ́n bá kọ kó tó gbé e jáde, torí kì í ṣe gbogbo àlejò ló ń fi inú rere kọ̀wé. Tíṣà ní òun gbọ́, òun á ṣe bẹ́ẹ̀.

Níta, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó tún padà di ẹ̀rín. Ọkọ rẹ̀ ra búrẹ́dì fún un lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n tó délé, ó ti jẹ ẹ́ tán. Ó dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó sì sùn fọnfọn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, káńsẹ́lọ̀ fúnra rẹ̀ kọ̀wé sórí búlọ́ọ̀gì. Ó ṣàlàyé pé káńsù ti fọwọ́ sí afárá náà, àmọ́ òun ò lé e bó ṣe yẹ. Àwọn èèyàn da ìbéèrè bò ó. Ó dáhùn àwọn kan dáadáa, ó fọgbọ́n yẹ àwọn kan sílẹ̀, wọ́n sì tún bi í. Kí òṣù tó parí, wọ́n já irin sẹ́bàá gọ́tà, àwọn òṣìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀.