Ẹ̀ẹ̀mẹta Ni Hauwa Pè Mí

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mo ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ Mummy nílé wa ní Ìkòsí nígbà tí ariwo sọ láti ọ̀nà ọjà Mile 12. Ìjà ẹni méjì ni wọ́n ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí oòrùn tó mú, ó ti di ìjà Yorùbá àti Hausa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòmátì níbẹ̀ lónìí kò rí i bí ilé ṣe ń jó.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ti ara wa mọ́lé. Gààrí gbẹrẹfu là ń jẹ, omi sì tán lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kejì náà lẹnìkan kanlẹ̀kùn.

"Bísí. Bísí, Hauwa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ọmọ alálùbọ́sà tó ń gbé òdìkejì wa ni Hauwa. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la ti jọ ń kàwé fún ìdánwò yunifásítì. Mummy fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Hauwa ni, Mummy."

"Ṣé o rójú ẹ̀? A kì í jẹ́ ìpè ẹni tá ò rí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa láti kékeré. Ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ Mummy ò sì le lẹ́nu mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Hauwa pè mí lẹ́ẹ̀kẹta, ó dákẹ́, mo wá gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré lọ.

Nígbà tí a jáde, ilé wọn ti jó, wọn ò sì sí níbẹ̀. Bàtà tí mo bọ́ sẹ́nu ọ̀nà wa náà ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn agbá omi la ti rí i.

Mo wọ yunifásítì. Bí wọ́n bá ń pe orúkọ wa nínú kíláàsì, mi ò lè dáhùn. Wọ́n á kọ ọ́ pé mi ò wá, bẹ́ẹ̀ mo jókòó sẹ́yìn níbẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni kàwé pọ̀ mọ́. Èmi tí mo mọ ohun tí mo ṣe fún ọ̀rẹ́, ta ni mo fẹ́ fọkàn tán? Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ mí kúrò nínú ìdánwò, olùkọ́ mi obìnrin pè mí sí ọ́fíìsì wọn.

"Mo ń rí ẹ ní kíláàsì. Kí ló dé tí o kì í dáhùn?"

"Etí ló ń dùn mí, Ma."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Láti ọjọ́ náà, wọ́n á kọ́kọ́ wá ojú mi kí wọ́n tó pè mí, mo sì ń dáhùn. Irọ́ ló gbà mí là, ojú sì ń tì mí títí mo fi gboyè.

Lọ́dún tó kọjá, mo pàdé Hauwa ní Kétu, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ rárá, mo ní, "Lọ́jọ́ yẹn, a ò sí nílé o."

"Mo rí bàtà ẹ," ló wí. "Èmi ni mo gbé e pamọ́, káwọn tó ń lé mi má baà mọ̀ pé èèyàn wà nílé, kí wọ́n wá já wọlé yín pé ẹ fi mí pamọ́."

"Bísí," ó pè mí. Ojú rẹ̀ nìyẹn níwájú mi kedere. Mi ò lè dáhùn.