Ẹfun Kì Í Ṣe ti Ìbọn

Olùkọ́ tó ń gbé ilé kejì sí wa kì í jẹ oúnjẹ Iye. Iye ni à ń pe ìyá bàbá wa. Òun ló tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dàgbà ní abúlé kan lápá Awoye, Málòkun, òrìṣà inú omi, ló sì ń bọ. Bí apẹja bá fẹ́ ti ọkọ̀ tuntun bọ omi, Iye ló máa fi ẹfun kun imú ọkọ̀ náà, kí ó lè lọ, kí ó sì bọ̀. Nítorí èyí ni olùkọ́, ará òkè tí ìjọba gbé wá, ṣe ń pè é ní ọmọ ẹgbẹ́ Sátánì. Mo máa ń sọ fún un pé irọ́ ni, kò sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo takú, ó mú ìwé ìròyìn kan wá kí n lè rí i pé ẹgbẹ́ náà wà. Lóòótọ́, àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń fi orúkọ Sátánì pe ara wọn. Mo kà á fún Iye níbi tó ti ń yan ẹja. Púpọ̀ nínú wọn kò gbà pé Sátánì wà rárá. Inú Bíbélì ni wọ́n ti mú orúkọ náà láti fi tako ṣọ́ọ̀ṣì, ìfẹ́ inú ara wọn ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ìwé náà kò tilẹ̀ sọ pé wọ́n ń pa ènìyàn.

Iye rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọma mi, bí ọkọ̀ wọn bá dojú dé lójú òkun, ta ni wọ́n máa ń ké pè?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, Iye."

"Sọ fún olùkọ́ pé kí Bíbélì tó dé etí omi yìí ni ìyá ìyá mi ti ń bọ Málòkun. A ò bá ṣọ́ọ̀ṣì jà. Ẹni tí èèyàn ò mọ̀, báwo ló ṣe máa sìn ín?"

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Olùkọ́ ní òun á máa gbàdúrà fún wa.

Ìjà àwa àti àwọn ará òdìkejì odò wá dé. Èéfín ń yọ lókèèrè, ọjà kò ná mọ́, bí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni bá sì pẹ́ lójú omi, a kì í béèrè rẹ̀ sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ló bà mí lẹ́rù jù. Ó ti pa àwọ̀n tì, ó ń bá àwọn tó ń gbé ìbọn rìn. Mo mọ̀ pé bó bá fi lè pa ènìyàn, a ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ìbọn síwájú Iye.

"Iye, ẹ fi ẹfun kùn ún fún mi."

"Ẹfun kì í ṣe ti ìbọn. Àwọn tó o fẹ́ lọ bá jà náà ń bọ omi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Málòkun?"

"Ẹ ò fẹ́ kí n padà wálé nìyẹn?"

"Má lọ, ọma mi. Jọ̀ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ní òótọ́ ni olùkọ́ ń sọ, Sátánì ni Iye. Ó wọ yàrá Málòkun tòun ti bàtà, ó gbé ẹfun jáde, ó sì fi kun ẹnu ìbọn náà fúnra rẹ̀.

"Èmi ni òrìṣà ara mi," ló wí, ó sì bọ́ sínú ọkọ̀. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó pẹ́ kó tó padà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. A kò bi í bóyá ó ti pa ènìyàn. Ó jókòó, ó ní ebi ń pa òun. Iye bu oúnjẹ fún un. Bí mo ṣe dìde láti lọ pọn omi, Iye di ìró mi mú.

"Má fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀," ló sọ sí mi létí.