Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ẹsẹ̀ Kúrò Lórí Tọ́tù

Ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá, mò ń bó ẹ̀wà nílé ọmọ mi ní Lilburn, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí òórùn epo bẹntiróòlù gba ẹnu ọ̀nà garage wọlé. Ọwọ́ mi dúró nínú omi. Ẹlòmíràn lè gbóòórùn epo kó rántí ìrìn àjò. Èmi, irun ojú bàbá mi tó ń jóná ni mo máa ń rántí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ kàn ń tẹ bọ́tìnnì kí ọkọ̀ yín tó ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ní Òṣogbo, bàbá mi, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ní ọkọ̀ kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìjàpá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Lórí ẹ́ńjìnnì náà ni kabúrétọ̀ jókòó sí, ohun èlò kékeré tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí iná tó ràn án. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, ọkọ̀ á máa wúkọ́; bí epo bá pọ̀ jù, á máa rú èéfín dúdú. Bàbá mi gbà pé kò sí mẹkáníìkì tó lè mọ ìwọ̀n rẹ̀ bí ẹni tó ti ka ìwé. Nítorí náà, ní àràárọ̀ Sátidé, á wọ aṣọ funfun gígùn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, á ti bírò mẹ́ta bọ àpò àyà, á sì jáde lọ bá ọkọ̀ náà bíi dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọkọ̀ náà kì í bọ̀wọ̀ fún un rárá.

Iṣẹ́ tèmi ni láti jókòó síwájú kí n máa tẹ tọ́tù, irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré. "Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mú un dúró bẹ́ẹ̀. Má mì!" Ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́, nítorí ìdérí ẹ́ńjìnnì tó ṣí sókè bò ó mọ́ mi lójú. Mo ṣáà mọ̀ pé ojú rẹ̀ wà lórí ọ̀fun kabúrétọ̀, pé ó ń fi sukurudíráfà yí sukúrù kékeré kan, ó sì ń tẹ́tí. Ẹ̀rù a máa bà mí débi pé èmi á fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mi mú kí ẹsẹ̀ má baà yẹ̀.

Ní Sátidé kan, Bàbá Ìjọ gba iwájú ilé wa kọjá. Àgbà ọkùnrin yìí a máa gbé agbòjò rìn nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kì í sì í gbàgbé ọmọ tí kò bá kúnlẹ̀ kí i. Nílé wa, bí àgbà bá ń kọjá, ohun yòówù tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, wàá jù ú sílẹ̀, wàá kúnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún mi rí pé ti tọ́tù yàtọ̀. Mo fò sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà." Lẹ́yìn mi, ohùn ẹ́ńjìnnì ń lọ sílẹ̀, ó ń kú lọ. Mo sáré padà, mo sì fi gbogbo agbára tẹ tọ́tù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Pàù! Iná kọ mànà lára ògiri.

Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Bàbá mi kò pariwo. N kò lè yí orí padà. Mò ń wo ewé àgbàdo tó wà níwájú, mò ń sọ fún ara mi pé tí n kò bá wẹ̀yìn, kò tíì ṣẹlẹ̀. Mo ti pa bàbá mi torí pé mo kí ènìyàn.

Ó rìn yọ láti ẹ̀yìn. Irun ojú rẹ̀ méjèèjì ti lọ, ìdajì irunmú ti bá wọn lọ, ó sì ń rùn bí adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wì. "Ta ló ní kí o sọ̀kalẹ̀?"

"Bàbá Ìjọ ni mo kí, sà."

Ó wo Bàbá Ìjọ, ó wò mí, ó sì bọ́ aṣọ funfun náà. N kò tún rí i lọ́rùn rẹ̀ mọ́. "Láti òní lọ," ni ó wí, "ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà lórí tọ́tù kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ìbáà ṣe bíṣọ́ọ̀bù." Oṣù mẹ́ta ni Bàbá Ìjọ kò fi bá wa sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré jáde sí driveway pẹ̀lú ọwọ́ tútù ní Sátidé tó kọjá. Kúnlé ọmọ mi, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Marietta, ti ra Ìjàpá kan lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan ní Jonesboro. Ó wọ ẹ̀wù mẹkáníìkì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí láyà, bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì lè fẹ́ mọ̀ ọ́n. Òyìnbó kan ń ṣàlàyé nínú fídíò lórí fóònù rẹ̀. Ojú ọmọ mi wà lórí ọ̀fun kabúrétọ̀. Níwájú, Tolú ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́wàá, ló ń tẹ tọ́tù.

"Kúnlé, gbé ojú ẹ kúrò níbẹ̀!"

"Mummy, ẹ relax. Ó ku díẹ̀. Tolú, hold it there."

Bí ọkọ̀ ńlá kan ṣe yà wọlé nìyẹn. Mummy Deaconess ṣọ́ọ̀ṣì wa ló sọ̀kalẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà tó máa ń rìn bí ẹni pé kápẹ́ẹ̀tì ń tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo rí i tí orí Tolú yí. Ta ló kọ́ ọmọ náà? Èmi ni. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi bá Amẹ́ríkà inú rẹ̀ jà, títí ó fi mọ̀ pé kí á fi ohun gbogbo sílẹ̀ kí á sì kúnlẹ̀ kí àgbà. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Orúnkún rẹ̀ ti ń yọ síta.

"Má kúnlẹ̀!" Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, ti bàbá mi ni. "Jókòó! Má gbé ẹsẹ̀!"

Ó padà jókòó. Ó juwọ́. "Hi, Aunty."

Mummy Deaconess wò mí bí ẹni pé mo ti kúrò nínú ìgbàgbọ́. "Ah-ah, Mummy Kúnlé! Ẹ̀yin lẹ ní kó má kí mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná." Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wúkọ́ kékeré. Kúnlé yí sukúrù náà díẹ̀, ohùn náà sì rọ̀, ó dọ́gba, tùkù-tùkù-tùkù, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dún ní Òṣogbo. Ó gbé orí sókè. Irun ojú rẹ̀ pé.

Bàbá mi ti lọ, ilé Òṣogbo ti di ti ẹlòmíràn, wọn kì í sì í fi kabúrétọ̀ sínú ọkọ̀ tuntun mọ́. Ẹ̀rù yẹn nìkan ni kò gbó. Mo ti rò pé ìkúnlẹ̀ ni ogún tí mo gbé wá sí Amẹ́ríkà. N kò mọ̀ pé òfin tí bàbá mi fi ojú jíjóná ṣe náà wà nínú ẹrù.

"Grandma," Tolú pè láti inú ọkọ̀, "ṣé mo lè kúnlẹ̀ báyìí?"

Mo wo Mummy Deaconess. Mo wo ẹsẹ̀ ọmọ náà.

"Ó di ìgbà tí bàbá ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì."