Kòtò Tó Wà Léjìká Òsì

"Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ fi ń fọwọ́ ara yín ba ohun tó ti dára jẹ́?"

Ọmọbìnrin kan ló bi àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ọmọ tí kì í la ẹnu bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì tì í dé eyín. Bí wọ́n bá rán an wá sílé ọkùnrin náà, yóò kí i, yóò jíṣẹ́, yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ní kó wá ṣọ́. Lọ́jọ́ náà, abọ́ ìyá rẹ̀ ló wá gbà. Ó bá ọkùnrin náà ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tó dúró ti tábìlì. Ó mú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná lọ́wọ́, ó ń fi yọ́ èjìká ìhámọ́ra kan. Ike ni èjìká náà, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló sì ti fi ń fá a kó lè jọ̀lọ̀. Bí ike náà ti rọ̀, ó mú ṣíbí ńlá kan, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ ibẹ̀ títí ó fi wọnú, bí ibi tí ẹyin adìẹ ti jókòó tó sì dìde. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu ọmọ.

Ọkùnrin náà wò ó. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó tún gbé e.

"Lọ bá mi wo ìta," ló wí nígbẹ̀yìn, "bóyá òjò ń ṣú."

Kò sí ìkúukùu kan lójú ọ̀run. Ọmọ náà lọ wò ó, ó padà wá sọ pé kò ṣú, ó gba abọ́ ìyá rẹ̀, ó lọ. Ìbéèrè náà kò bá a lọ.

Ẹ má rò pé ọkùnrin yìí kò mọ ohun tó tọ́ yàtọ̀ sí ohun tó wọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn. Òun ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ tó bá fara gbá wá bá. Ilẹ̀kùn tó bá rún bíi bébà, yóò fi òòlù lù ú láti inú, yóò fi pọ́tì dí ibi tó bá ṣẹ́ kù, yóò fi sáńpépà fá a, yóò kùn ún, títí ọlọ́kọ̀ yóò fi dé, tí yóò yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta, tí yóò béèrè pé, "Àbí ilẹ̀kùn mìíràn lẹ fi rọ́pò ni?" Ọ̀gá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù máa ń sọ pé bí wọ́n bá dì í lójú, àtàǹpàkò rẹ̀ á ṣì rí kòtò tí fọ́nrán irun kan ṣoṣo lè sùn sí.

Ọ̀gá yìí kan náà ló sọ ọ́ ní Aláìjókòó, nítorí kò sí àga kan tó gbóná lábẹ́ rẹ̀ rí. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Bó bá ń fọ eyín, yóò ti yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, sọ pé ọjọ́ tí òun bá bá a lórí àga, dókítà lòun máa kọ́kọ́ pè kí òun tó bi í pé kí ló ṣe é.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó rí fíìmù kan nípa ìlú tó léfòó láàárín ìràwọ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ òfuurufú bí ẹni gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé. Akọni inú fíìmù ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn. Òun kò bìkítà fún akọni. Ẹ̀ṣọ́ kan ló gbà á lọ́kàn: ẹ̀ṣọ́ tí kò sọ̀rọ̀, tí a kò rí ojú rẹ̀, tí ìhámọ́ra bò láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, tó dúró lẹ́nu ibodè nígbà tí gbogbo àwọn yòókù ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án péré la fi rí i. Kòtò kan wà léjìká òsì rẹ̀. Fíìmù náà kò sọ ohun tó dá a síbẹ̀.

Nígbà tó dàgbà, ó rí i pé òun nìkan kọ́ ni nǹkan ń ṣe. Ẹgbẹ́ kan wà ní ìlú náà, àwọn àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó láyà tó lọ́mọ, tí wọ́n ń kọ́ ìhámọ́ra inú fíìmù yìí. Kì í ṣe kó jọ ọ́ o, kó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Wọ́n á dá fíìmù dúró, wọ́n á gbé rúlà lé ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á sì máa jiyàn lórí bóyá ihò mẹ́rin ló wà lára ìdè orúnkún tàbí márùn-ún. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á pàdé nínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Ẹni tí ìhámọ́ra rẹ̀ bá yege ni yóò tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù, tí yóò yan kọjá níwájú èrò.

Akọ̀wé kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń yẹ̀ wọ́n wò. Bàbá Awò ni wọ́n ń pè é. Ó ní fáìlì àwòrán kan lábíyá, ó ní awò tó ń mú nǹkan tóbi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò lójú àánú. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta kò gbọdọ̀ padà wá.

Lọ́dún àkọ́kọ́, Bàbá Awò tẹ̀ síwájú, ó wo ìgbàyà Aláìjókòó fún ìgbà pípẹ́.

"Mo ń rí ojú ara mi níbí," ló wí.

"Ẹ ṣé, bàbá." Aláìjókòó rò pé ìyìn ni.

"Ẹ̀ṣọ́ tó ti jagun fún ọdún mẹ́fà, ta ló ń bá a dán ìgbàyà?"

Ó ti kùn ún, ó sì ti dán an bí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbé ìyàwó. Ó gbé e padà sílé.

Lọ́dún kejì, ó pa gbogbo dídán náà. Ó fi eérú kùn ún, ó fi òkúta ha á lára. Bàbá Awò ń mi orí pé ó dára, ó ń mi orí, títí ó fi dé èjìká òsì.

"Kòtò dà?"

"Ó wà níbẹ̀, bàbá. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Bàbá Awò mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ibẹ̀. Ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Òótọ́ ni pé ó tẹ̀ ẹ́, ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tó bá ń kọjá lẹ́bàá tábìlì, àtàǹpàkò rẹ̀ á rí ibẹ̀, á fi pọ́tì díẹ̀ sí i, á fá a díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti wà níbòmíràn. Ọwọ́ tó ti fi ogún ọdún tọ́ ohun tó wọ́ kò mọ̀ pé a máa ń sinmi.

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè ìbéèrè yẹn, ike náà kò tíì tutù tán tí ìyàwó rẹ̀ fi wọlé, tó gba èjìká òsì lọ́wọ́ rẹ̀, tó tì í mọ́ inú àpótí aṣọ, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ọrùn.

"Ó di ọjọ́ àyẹ̀wò kí ẹ tó tún rí i," ló wí.

"Kí n kàn máa fojú wò ó."

"Ẹ̀yin? Ọwọ́ lẹ fi ń wo nǹkan."

Oṣù méjì tó tẹ̀ lé e, ilé kò gbà á, ọ̀nà kò gbà á. Ó tún akoto ṣe, ó tún ìbọ̀wọ́ ṣe, ó ka ihò ìdè orúnkún títí ó fi ń lá a lálàá. Yóò dúró ti àpótí aṣọ, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí rẹ̀, yóò kúrò, yóò tún padà. Lọ́jọ́ kan ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń rán aṣọ dúdú tí yóò wọ̀ sábẹ́ ìhámọ́ra.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn bi mí?"

"Mo gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí, kò gbójú sókè. "Èmi náà ń retí ìdáhùn."

Ó jáde lọ wò bóyá òjò ń ṣú.

Àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ ìhámọ́ra: bàtà, ojúgun, itan, ìgbànú, ìgbàyà, apá. Èjìká ló kẹ́yìn, kí wọ́n tó gbé akoto lé e. Ìyàwó rẹ̀ ṣí àpótí, ó gbé èjìká òsì lé e, ó fa ìdè rẹ̀ le. Ọkùnrin náà gbin.

Ohun tí wọn kò rò nìyí. Ohun tó bá wọnú láti òde, inú ni yóò yọ sí. Kòtò tó rí bí ibùsùn ẹyin lóde ti di kókó líle nínú, kókó náà sì jókòó lé eegun èjìká rẹ̀ gan-an. Ìyàwó rẹ̀ kò fi àkókò ṣòfò. Ó gé fóòmù rírọ̀ kan, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ èjìká náà, ìrora rọlẹ̀, wọ́n jáde.

Ìhámọ́ra náà kò ṣeé tẹ̀ ní ìbàdí, nítorí náà ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ló dúró sí, tó di irin mú. Ọmọdé kan ní ìkóríta fa aṣọ ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ wo fíríìjì tó ń juwọ́."

Nínú gbọ̀ngàn, Bàbá Awò ṣí fáìlì rẹ̀. Akoto yege. Ìgbàyà yege. Ihò ìdè orúnkún jẹ́ márùn-ún, wọ́n yege. Ó ti àtàǹpàkò bọ inú kòtò, ó ní, "Ó wà lọ́tẹ̀ yìí." Lẹ́yìn náà, ó rìn sẹ́yìn, ó gbé àwòrán sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀.

"Èjìká òsì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fi ìka kan ga. Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀?"

"Tìmùtìmù díẹ̀ ni, bàbá," ni ìyàwó dáhùn. "Ó ń gún un."

"Kò sí tìmùtìmù nínú fíìmù."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, bàbá? Ṣé ẹ dé inú ẹ̀ ni?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Bàbá Awò kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn fi ìka hàn wọ́n lójú àwòrán bí èjìká ẹ̀ṣọ́ náà ṣe sún mọ́ ọrùn. "Kó yọ ọ́, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí a ó fi yan tán. Àbí kó máa lọ sílé. Èyí tó bá wù ú."

Wákàtí kan ni yíyan náà máa ń gbà. Ìyàwó rẹ̀ rọra sọ fún un pé, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Eegun kì í ṣe ike." Aláìjókòó ki ọwọ́ sábẹ́ èjìká, ó fa fóòmù jáde, ó fún un.

Kókó náà bá eegun. Ó fẹ́ dúró ṣánṣán, bó ṣe ń fi kọ́ra níwájú dígí, nítorí akíkanjú ni ẹ̀ṣọ́ yẹn. Ara kọ̀. Èjìká òsì fà sísàlẹ̀ láti sá fún kókó, orí tẹ̀ sí ọ̀tún, gbogbo ìwúwo rẹ̀ bọ́ sórí ẹsẹ̀ kan. Ó gbìyànjú láti nàró, ara tún dà á padà. Nínú akoto, ojú ń tì í.

Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń ṣí bébà kíákíá. Bàbá Awò ló ń wá àwòrán kan ní ìsàlẹ̀ fáìlì, èyí tó fi gbogbo ara ẹ̀ṣọ́ náà hàn lẹ́nu ibodè. Ó wò ó. Ó wo Aláìjókòó. Ó tún wò ó.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìdúró yìí?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ó ń dùn mí ni. Mo fẹ́ nàró."

"Má nàró." Arúgbó náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbàgbé láti dá a padà. "Ó ti lé lógún ọdún tí a ti ń jiyàn lórí ìdí tó fi tẹ̀ báyìí. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Èmi ni mo kọ ọ́ síwèé pé bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú yẹn ṣe ń dúró nìyẹn." Ó fi ìka kan kòtò inú àwòrán. "Bẹ́ẹ̀, èjìká ló ń dun ọmọlọ́mọ."

Aláìjókòó yan lọ́jọ́ náà. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò nàró lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bọ́ èjìká náà, ibẹ̀ ti wú, ó sì ti dúdú. Ó fi omi tútù tẹ̀ ẹ́ fún un. Èèyàn á rò pé ọkùnrin náà á wá sinmi wàyí, àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ń gé páálí fún ìhámọ́ra mìíràn.

Ọdún márùn-ún kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ga tó ọkùnrin náà, kò sì tíì di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ rán an sí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bá a níbi tó ti ń lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan tí wọ́n gbá. Ó jíṣẹ́ tán, ó ti ń padà lọ, nígbà tó gbọ́ tí òòlù dákẹ́.

"O bi mí ní nǹkan kan nígbà kan," ni Bọ̀dá rẹ̀ wí.

Ọmọbìnrin náà dúró. Kò rò pé Bọ̀dá rántí. Òun fúnra rẹ̀ ti pinnu tipẹ́ pé kò yẹ kí òun béèrè.

Ọkùnrin náà yí ilẹ̀kùn náà po, ó gbé òòlù láti ọwọ́ kan sí èkejì.

"Ilẹ̀kùn yìí, n kò mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n gbá a. Tí mo bá tọ́ ọ tán, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi nìyẹn. Ti ọjọ́ yẹn, ìhámọ́ra ni mo rò pé mò ń ṣe. Ìgbà tó gún mi légungun ni mo tó mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ẹ̀ rí. Ó dúró síbẹ̀, ó ń dùn ún, kò sì sẹ́ni tó bi í. N kò bà á jẹ́. Ẹni yẹn ni mò ń wá. N kò kàn tíì mọ̀ nígbà tí o bi mí ni."