Nọ́ńbà Tí Ọ̀gá Mi Yàn fún Kọ̀ǹpútà

Ooru yàrá yẹn ṣì ń mú mi bí mo bá ti rántí rẹ̀. Wọ́n fi irin dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ nítorí olè, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló sì ní. Ọdún méjì ni mo ti jókòó sílé l'Ẹ́dẹ lẹ́yìn tí mo jáde ní poli, kí tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì tó gbà mí sí ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ọ̀gá mi yìí ló kọ́ bàbá mi níwèé, bàbá mi kì í sì í sọ̀rọ̀ wọn láì dárúkọ ẹgba.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn tó fẹ́ gbé ìdánwò fún wa ń bọ̀ wá yẹ ibẹ̀ wò lẹ́yìn ìrun àìlà. Bí àwọn kọ̀ǹpútà wa bá ń gbọ́ ara wọn, a ríṣẹ́ nìyẹn. Bí wọn ò bá gbọ́ra, ọ̀gá mi ti wí i lójú mi pé àwọn á tilẹ̀kùn, kí n máa lọ sílé. Kọ̀ǹpútà tó jẹ́ olórí fún àwọn yòókù ti kú lánàá, mo sì ń tún inú rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dé ibi tó ti ń béèrè nọ́ńbà tí yóò máa jẹ́ láàárín àwọn yòókù. Méjì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà.

Mo fẹ́ fún un ní ogún. Ọ̀gá mi, tí wọ́n fa àga tì mí, ní rárá o, nínú ilé wo ni wọ́n ti ń fi baálé sí ipò ogún? Olórí ni, oókan ni kí n fún un. Bẹ́ẹ̀ oókan ti wà lọ́wọ́ àpótí kékeré tó so gbogbo kọ̀ǹpútà wa pọ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n níbo ni n ó ti rí ẹnu sọ fún ẹni tó na bàbá mi pé wọn ò mọ̀? Ẹnu àgbà ni obì ti í gbó, wọ́n ti kọ́ mi. Èmi ọlọ́gbọ́n wá gbàgbé pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Mo tẹ oókan.

Mo ti pète pé bí wọ́n bá jáde lọ kírun, n ó tún un bẹ̀rẹ̀, n ó fi ogún sí i. Wọ́n pe ìrun, ọ̀gá mi tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ò ní fi mí sílẹ̀ lónìí. Kọ̀ǹpútà náà kì í sì í tún bẹ̀rẹ̀ láì ké. Inú wọn ń bí mi, inú ara mi ń bí mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, mò ń wo ẹ̀yìn wọn, títí mo fi gbọ́ fèrè mọ́tò níta.

Obìnrin kan tí kò jù mí lọ púpọ̀ ló ṣáájú àwọn àlejò náà. Kò pẹ́ tó fi rí i pé olórí àti àpótí ń du nọ́ńbà kan náà, tí àwọn yòókù ò sì mọ ti ta ni kí wọ́n gbọ́. Ó béèrè ẹni tó yan oókan. Ọ̀gá mi ní àwọn ni. Ó kọjú sí mi, ó ní ṣé èmi tí mo ṣiṣẹ́ ọ̀hún ò mọ̀ pé kò ṣeé ṣe ni. Mo wo ilẹ̀kùn. Bí mo bá ní mo mọ̀, mo ti dójú ti àgbà. Bí mo bá ní n ò mọ̀, kí ni mò ń ṣe níbẹ̀? Mo ní n ò mọ̀.

Ọ̀gá mi wò mí lójú. “Ó mọ̀ ọ́n,” ni wọ́n wí. “Tíṣà ni mí. Mo mọ ojú ọmọ tó mọ ìdáhùn tí kò sì fẹ́ wí i.”

Àwọn àlejò náà ò fún wa ní ìdánwò. Kóṣù tó parí, wọ́n ti ti yàrá náà pa. Ọ̀gá mi ò bá mi wí, wọn ò sì fẹjọ́ mi sun bàbá mi, ìyẹn ló dùn mí jù.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí náà ni mò ń ṣe jẹun báyìí, àwọn ilé-ìwé láti ìlú Awo dé ìlú Ara máa ń pè mí. Mo ti sọ fún àgbà mélòó kan pé ohun tí wọ́n wí ò rí bẹ́ẹ̀. N ó dọ̀bálẹ̀ ná, n ó wá sọ ọ́ láti ilẹ̀. Kò sí èyí tó bínú nínú wọn. Bí mo bá pàdé ọ̀gá mi lọ́nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè ọmọ. Mo máa ń retí kí wọ́n bi mí ìdí tí n ò fi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò bi mí rí.