Wọ́n Gé Wọn Kúrò Nínú Fọ́tò, Wọ́n Fi Ajá Sílẹ̀

Bàbá àgbà mi, Ògúnkọ̀yà, kú ní Akparé ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kejì ọdún 1985. Dókítà ní ogbó ni. Mo gbà pé ogbó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbó, tí ojú rẹ̀ tún wà lójú ọ̀nà títí èémí fi tán nínú rẹ̀, ṣé ogbó nìkan ló pa irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àpọ̀kẹ́, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti gbé wọn dé? Omi wà nílẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tó ń dúró dè fún yín.

Ìṣó kan wà lára ògiri yàrá rẹ̀, lókè ibi tó máa ń gbé orí sí. Lábẹ́ ìṣó náà, ojú ògiri mọ́ ju ìyókù lọ, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọwọ́ kúrò lójú egbò. Fọ́tò kan ló wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọ́fíìsì kan ní Atakpamé wá yá a, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Èmi ni mo bá wọn bẹ Bàbá. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé. Nítorí náà, bí mo bá ń na ìka sí ẹnikẹ́ni lónìí, ẹ mọ̀ pé ara mi ni mo kọ́kọ́ nà án sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé apá ibí mọ ìtàn náà dé ìwọ̀n kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí Jámánì ṣì jẹ́ ọ̀gá lórí ilẹ̀ yìí, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń bọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn Jámánì gbẹ́ kòtò gígùn sétí odò Chra, kí ọ̀tá má baà dé Kamina níbi tí ẹ̀rọ tó ń bá ìlú wọn sọ̀rọ̀ wà. "Àwọn Jámánì gbẹ́ kòtò": bí mo ṣe kà á nìyẹn nínú ìwé kan ní Lyon, níbi tí wọ́n rán mi lọ kàwé láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo kà á, mo ṣí ojú ìwé kejì. Kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè pé ọ̀gá Jámánì wo ló di ṣọ́bìrì mú. Àtẹ́lẹwọ́ ta ló bó?

Àtẹ́lẹwọ́ Ògúnkọ̀yà ló bó. Ó tó ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà náà. Wọ́n kó òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn láti oko: Kòkúmọ́ àti Málọmọ́ láti Akparé níbí, Ṣàngówáwa láti Atakpamé, Igbẹ́kọ̀yí láti Datcha. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi gbẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ keje, ọ̀gá kan gbé àga sórí òkìtì yẹ̀pẹ̀, ó jókòó, ajá rẹ̀ jókòó tì í, ẹnì kan sì ya wọ́n ní fọ́tò. Àwọn márùn-ún dúró nínú kòtò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti àyà dé orí la ń rí. Igbẹ́kọ̀yí nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ hàn gbangba. Bàbá ní ohun tó ń sọ lẹ́nu nígbà náà ni pé, "Ajá jókòó, àwa wà ní ìdúró. Tó bá dọ̀la, wọn á ní ká máa gbó."

Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀, àwọn Jámánì ò jẹ́ kí wọ́n lọ sílé. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé àpótí ọta. Oòrùn mú, òùngbẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ṣàngówáwa tó dàgbà jù ní kí Ògúnkọ̀yà, tó jẹ́ àbúrò gbogbo wọn, sáré lọ bu omi. Ó lọ. Ìgbà tó máa fi padà, kò sí ẹni tí yóò mu omi náà mọ́.

Àwọn òyìnbó tó kú lọ́jọ́ yẹn ní àgbélébùú. Títí di òní, a lè ka orúkọ wọn. Àwọn mẹ́rin yìí ńkọ́? Yẹ̀pẹ̀ tí ọwọ́ ara wọn wú jáde ni wọ́n rọ́ padà lé wọn lórí. Ẹ tún wo orúkọ wọn. Kòkúmọ́. Málọmọ́. Orúkọ tí òbí fi ń bẹ ọmọ pé kó dúró ni. Igbẹ́ kọ Igbẹ́kọ̀yí, kòtò òyìnbó ló gbà á.

Lẹ́yìn tí àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn ba ẹ̀rọ Kamina jẹ́ tí wọ́n sì túúbá, àwọn ará ìlú lọ ṣa ohun tó kù. Ẹlòmíràn ṣa irin, ẹlòmíràn ṣa páànù. Bàbá rí fọ́tò náà láàárín àwọn ìwé tí wọ́n dà nù. Ó gbé e wálé, pẹ̀lú orí ṣọ́bìrì kan, bọ́tìnì kan, àti ìkarahun ọta ìbọn mẹ́ta tó ṣà létí odò. Inú agolo bísíkítì ló kó àwọn kéékèèké sí.

Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń fi èédú, ẹfun àti ilẹ̀ pupa ya nǹkan. Lára ògiri ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó ya kòtò náà láti igun dé igun, odò lápá kan, èéfín ìbọn lápá kejì. Lọ́dọọdún tí òjò bá jẹ ẹ́, á tún un yà. Ṣùgbọ́n orí mẹ́rin tó wà nínú kòtò yẹn kò ní ojú, kò ní imú. Mo bi í pé kí ló dé. Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni mo bi í.

"Èmi kọ́ ni mo dá wọn. Ojú wọn wà nínú ilé."

Ojú wọn wà nínú fọ́tò. Kò sí ibòmíràn láyé tí ojú wọn wà. Fọ́tò yẹn ni ibojì wọn. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, Bàbá á bu omi tútù sínú igbá, á gbé e sábẹ́ ìṣó. A kì í fìka na ibojì, nítorí náà ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ló máa ń fi tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kòkúmọ́, omi rèé. Málọmọ́, omi rèé. Ṣàngówáwa, ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé o, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Igbẹ́kọ̀yí, mu, kí o tó máa fi mí rẹ́rìn-ín." Omi ọdún 1914 ló ṣì ń gbé lọ fún wọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1984, Mùsíyè Émile wá láti ọ́fíìsì náà. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí àádọ́rin ọdún ogun náà, wọ́n fẹ́ kó àwòrán jọ sí gbọ̀ngàn kan. Ọmọ Datcha ni, ó gbọ́ èdè wa dáadáa. Ṣùgbọ́n Faransé ló fi kí mi, Faransé ni mo fi dá a lóhùn. Inú mi dùn púpọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Lyon ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè mí ní yòvó, ìyẹn òyìnbó, nítorí bí mo ṣe ń ta kókó nínú èdè bàbá mi. Mo wá rí ẹni tí ẹnu mi lè yá lọ́dọ̀ rẹ̀. A jókòó, ọ̀rọ̀ ń fò lọ, ó ń fò bọ̀ lókè orí ẹni tó ni fọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pariwo láti ìdí ààrò: "Ẹ̀yin yòvó méjèèjì, ẹ túmọ̀ fún onífọ́tò o!"

Ojú Mùsíyè Émile ni Bàbá tẹjú mọ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Ó béèrè pé, "Ọmọ ilé ta ni yín?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Pápá, á padà dé," ni Mùsíyè Émile fi dá a lóhùn, ó sì tún kọjú sí mi pẹ̀lú Faransé.

Bàbá dìde. Ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ó lọ síbi fọ́tò, ó fẹ́ máa dárúkọ wọn. Mùsíyè Émile wo aago ọwọ́ rẹ̀. Èmi Dúpẹ́ sì fi ẹnu ara mi sọ pé, "Bàbá, wọ́n ń kánjú."

Ó dá ẹyọ ìgbálẹ̀ náà padà sára ìyókù.

Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n mú orí ṣọ́bìrì dání. Mùsíyè Émile ní ó ti dípẹtà jù, fọ́tò nìkan ló gbé lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé ní oṣù kẹjọ, tí ọ̀sẹ̀ méjì wọn ti di oṣù méjì, Bàbá wọ ẹ̀wù funfun, ó rọ omi sínú ìgò kan, ó ki ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ àpò. A wọ takisí lọ sí Atakpamé. Wọ́n ti kó ọmọ iléèwé wá pàtẹ́wọ́, àwọn àlejò láti òkè òkun wà níbẹ̀, àwọn ọ̀gá sì ń sọ̀rọ̀ lórí ìrántí, pé orílẹ̀-èdè tó bá gbàgbé òkú rẹ̀ ti sọnù. Ọ̀rọ̀ tó dùn, mo pàtẹ́wọ́ fún un.

A dé iwájú fọ́tò. Fírémù aláwọ̀ wúrà. Ọ̀gá òyìnbó lórí àga, ajá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ ajá, igi fírémù. Ó tán. Wọ́n kọ orúkọ ọ̀gá náà síbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ajá náà: Prinz. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, orúkọ ajá.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ fírémù, bí ẹni pé àwọn tó ń wá ti jókòó sílẹ̀. "Dúpẹ́, àwọn dà?"

Mùsíyè Émile ti rí wa. "Pápá, ẹ káàbọ̀! Ó dára, àbí kò dára?"

"Àwọn tó wà nísàlẹ̀ dà?"

"Háà, dígí ló kéré, Pápá. A ní láti gé e díẹ̀."

"Ṣé dígí ló kéré ni, àbí èèyàn ló pọ̀?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Èyí tí ẹ gé dà?"

"A máa wá a."

"Mo bi yín nílé mi, ẹ ò dá mi lóhùn. Ọmọ ilé ta ni yín ní Datcha?"

Ojú ń ti Mùsíyè Émile, ó dárúkọ ilé wọn. Ó ní wọ́n máa ń sọ nílé pé àbúrò bàbá bàbá òun kan báwọn Jámánì lọ síbi iṣẹ́, kò sì padà mọ́. Wọn ò rí òkú rẹ̀ sin. Igbẹ́kọ̀yí lorúkọ rẹ̀. "Kí ló dé, Pápá?"

"Ó ní èjí bíi tiyín. Òun ló ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ajá yẹn. Òun lẹ gé."

Mùsíyè Émile fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Ìgbà mẹ́fà la padà lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Wọ́n ní Mùsíyè Émile wà ní ìpàdé. Ó lọ Lomé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Lọ́jọ́ kẹfà, mo rí bàtà rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn bí akọ̀wé ṣe ń sọ fún wa pé kò sí níbẹ̀. Bàbá náà rí i. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ìtìjú kì í ṣílẹ̀kùn." Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ wọn gbé fírémù wá sílé: ọ̀gá, àga àti Prinz. Bàbá kò gbà ká gbé e kọ́. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ará ilé mi."

Nígbà tó kú, ọ́fíìsì náà rántí rẹ̀. Wọ́n fi òdòdó oníke ránṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé akọni ni. Ẹni tó gbé e wá fa kámẹ́rà yọ, ó ní kí a ṣí ojú òkú díẹ̀ kí òun yà á fún ìwé ìrántí wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ máa lọ. Ẹ ó tún gé òun náà."

Ó wá kọjú sí mi nígbà tí wọ́n lọ tán. "Ìwọ tí o kàwé dé ìlú òyìnbó, ohun tí bàbá àgbà rẹ fẹ́ sọ lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé fọ́tò, ṣé o mọ̀ ọ́n báyìí?" Mo mọ̀ ọ́n. Ká ní mo jẹ́ kó sọ ọ́, Mùsíyè Émile ì bá ti mọ ojú ará ilé rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ìdí nìyí tí n kò fi kọ èyí ní Faransé.

Wọ́n á ní ogun ti pẹ́. Ta ni wọ́n ń rántí pẹ̀lú òdòdó lọ́dọọdún nígbà náà? Wọ́n á ní ìwé bébà lásán ni. Kí ló dé tí wọ́n fi wá yá a? Wọ́n á ní àṣìṣe ni. Ẹ wo àṣìṣe tí ó mọ ajá yàtọ̀ sí èèyàn, tó sì mú ajá!

Mo fẹ́ mọ ẹni tó di ọ̀bẹ mú, àti ẹni tó pàṣẹ fún un. Mo fẹ́ kí wọ́n tú gbogbo àpótí ọ́fíìsì yẹn wò títí wọn ó fi rí ẹ̀yà tí wọ́n gé. Bí wọ́n bá sì ti sun ún, kí ọ̀gá kan wá sí Akparé, kó dúró níwájú ògiri Ògúnkọ̀yà, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn sun ún. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ àwọn mẹ́rin náà sórí òkúta létí odò Chra, kí lẹ́tà rẹ̀ má ṣe kéré ju ti àwọn òyìnbó lọ.

Mùsíyè Émile, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ní èdè tí ó yẹ kí a ti sọ lọ́jọ́ yẹn. N kò kórìíra yín. Èmi náà ló kánjú. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ ń bọ̀, iṣu tuntun á jáde. Èmi ni mo máa bu omi lọ́dún yìí, mo ti fa ẹyọ ìgbálẹ̀ temi yọ. Tí mo bá pe Igbẹ́kọ̀yí, ṣé ògiri lásán ni ẹ fẹ́ kí n nà án sí?