Ìgò Ìyá Ràfátù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ wa dúró kó èrò ní gáréèjì Òkukù, ni ẹnìkan lẹ́yìn mi bá ṣí ẹlẹ́rìndòdò inú ike. Ó dún ṣìì, bí ẹni tó ń pòṣé. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ohùn yẹn kọ́ la gbọ́ dàgbà. Nígbà tiwa, pọ́ ló ń dún, ìdérí a fò, àwa ọmọdé a sì du ìdérí náà mọ́ ara wa lọ́wọ́.

Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni Ìyá Ràfátù ti ń ta ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò. Ọjà náà ní òfin tirẹ̀: bí o kò bá mú ìgò òfìfo wá, o kò ní gbé kíkún lọ. Ìdúró ni wàá mu ún níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ojú ìyá á wà lára rẹ títí ìgò á fi padà. Mo rántí àlejò kan láti Èkó tó fẹ́ dọ́gbọ́n gbé ìgò wọ mọ́tò. Ìyá lọ dúró síwájú mọ́tò náà, wọ́n di ìró wọn le.

"Alájì, adùn inú rẹ̀ lẹ rà. Ẹ ò ra ìgò."

Ìgò ni ọrọ̀ wọn. Bí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ bá dé, ẹni tó ní kéréètì òfìfo ni wọ́n ń já ọjà fún. Ẹni tí kò ní a máa wòran. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ ní Ìnísà tàbí tí wọ́n ń gbéyàwó ní Òkukù, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń wá kó ọjà. Èmi àti Ràfátù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, la máa ń fi omi ọṣẹ fọ ìgò lẹ́yìnkùlé. A ó gbé e sókè sí oòrùn, a ó wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́, torí ilé iṣẹ́ kì í gba ẹlẹ́nu ṣíṣẹ́.

Ràfátù mọ̀wé jù mí lọ dáadáa. Nígbà tí a parí ìwé mẹ́fà, ìyá rẹ̀ ní ó tó. Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n, lọ bẹ̀ wọ́n títí. "Iṣẹ́ ìjọba lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn," ni ìyá wí. "Ìgò kì í jẹrà. Ogún ọmọ mi nìyí." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú títí di òní. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ girama, Ràfátù wà nídìí kéréètì, kò gbójú sókè.

Nígbà tó yá, ike dé. Kò bèèrè ìgò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti ní báàfù omi dídì ti di oníṣòwò. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ń kọjá, kò yà mọ́. Alájàpá kan wá láti Ìnísà, ó fẹ́ ra gbogbo ìgò náà nígbà tí ó ṣì níye lórí. Ìyá lé e jáde. Wọ́n ní kí Ràfátù máa fọ̀ wọ́n nìṣó, pé ọkọ̀ ń bọ̀. Lórí àìsàn tó pa wọ́n, wọ́n ṣì ń bèèrè pé ṣé ọkọ̀ ti dé. Ẹlẹ́rìndòdò inú ike la mu níbi fídáù wọn.

Adùn rẹ̀ ò yàtọ̀, ṣúgà kan náà ni. Àmọ́ ike ti dí gọ́tà Ìkìrun pa, kò sì sẹ́ni tó ń dúró síwájú mọ́tò nítorí rẹ̀.

Ní gáréèjì Òkukù yẹn, mo bọ́ sílẹ̀, mo nawọ́ sí obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà sísun inú ìgò. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò àtijọ́ ni. Mo gba ọ̀kan, mo sì gbé e sókè sí oòrùn kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Obìnrin náà wò mí, ó pe orúkọ mi. Ràfátù ni, irun rẹ̀ ti funfun, kéréètì ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo na owó ẹ̀pà sí i. Dírẹ́bà ń fọn fèrè.

Ó gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó da ẹ̀pà inú rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó fi etí ìró nu ẹnu ìgò náà, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀.

"Ẹ̀pà lo rà," ló wí, kò rẹ́rìn-ín. "O ò ra ìgò."

Mo gba ọ̀rá ẹ̀pà mi, mo wọkọ̀.